Kí Síẹ́nà Yìí Má Fì Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Ẹ̀bìbì, 2025

Tolúwani ọmọ wa pè láti Lakowe láàárọ̀ yìí. Dókítà sọ fún un pé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ọmọ á ti dé. Ìyá rẹ̀ já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó súre títí, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ ra kànrìnkàn kankan, òun ń mú kànrìnkàn ìbílẹ̀ àti òrí bọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, mo ní, "Ìyá Tolú, ọjọ́ tọ́mọ bá ti dé, èmi ni màá gbé ẹ lọ."

"Nínú mọ́tò wo?"

"Nínú Síẹ́nà wa náà kẹ̀."

Ó ní òun á wọ bọ́ọ̀sì.

Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí Adékẹ́mi ìyàwó mi ti wọ mọ́tò mi gbẹ̀yìn. Ọjọ́ náà, mo yà ní kọ́nà kan ní Sangotedo, Síẹ́nà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ dùbúlẹ̀, òòyì sì kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí ibùsùn tí kò lè gbé orí sókè. Òòyì yìí ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, inú etí ló ti ń wá, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi náà sì ń sọ fún un láti ìgbà yẹn nìyẹn: etí rẹ ni, mọ́tò ò ní nǹkan kan.

Nígbà tá a bí Tolúwani, ìyá Adékẹ́mi ló wẹ̀ ẹ́, ogójì ọjọ́ gbáko, ó ń tẹ orí, ó ń na apá, ó ń kọrin. Tí Adékẹ́mi náà ò bá lè wẹ ọmọ Tolúwani, ó máa dùn ún dọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá fà á.

Ọjọ́bọ̀, 15 Ẹ̀bìbì

Adékẹ́mi lọ rí dókítà etí ní Lekki. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ, òun náà ló wọ̀ bọ̀. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí iyanrìn lẹ́yìn ìró rẹ̀. Mo bi í títí kó tó jẹ́wọ́. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Àjàh ni ojú rẹ̀ ń yí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, obìnrin kan tó ń sun bọ̀lì ló fi ara dí i kí ọ̀kadà má baà gbá a.

Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí obìnrin yẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà. Bó jẹ́ etí ni o, bó jẹ́ mọ́tò ni o, èyí tí mẹkáníìkì lè tún ṣe ni màá kọ́kọ́ mú. Lọ́tunla màá lọ bá Kàsímù.

Àbámẹ́ta, 17 Ẹ̀bìbì

Láti Àjàh dé Ìkátẹ́ gbà mí ní wákàtí méjì dín díẹ̀. Kàsímù ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́, ó gbé abọ́ sílẹ̀ dìde. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tún mọ́tò mi ṣe, tí àkókò ìrun bá tó, á ní kí n dákun jókòó, á lọ kírun, á padà wá sórí nọ́ọ̀tì tó fi sílẹ̀.

Ó tẹ iwájú mọ́tò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wò ó bó ṣe ń jó. Lẹ́yìn náà, ó fi ìgò omi kan lélẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó jókòó tì mí, ó ní kí n wa mọ́tò yí ọgbà iṣẹ́ òun po. Ìgò náà yí láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó já sórí itan rẹ̀.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀kì yín ti kú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Tí a bá pààrọ̀ wọn, kò ní fì mọ́?"

"A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì, Bàbá. Gbogbo mọ́tò ló ń fì. Kó má pọ̀ jù là ń wá." Ó tún wo inú táyà. "Rọ́bà tá a fi gbé e sókè lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ìyẹn náà ń dá kún un."

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá wọ inú mọ́tò mi títí dé ìjókòó, kí ni mi ò rí? Ìdí nìyẹn tá a fi ki rọ́bà bọ abẹ́ sípíríìngì kó lè ga. Òjò tún ti ń ṣú bọ̀. Ibi tó ga sí yẹn ni kó wà.

Ọjọ́rú, 21 Ẹ̀bìbì

Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, tòkunbọ̀ tó ṣì dáa. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí kí n má baà tún máa kà á. Mo wà á kúrò ní Ìkátẹ́ pẹ̀lú orin lẹ́nu. Kòtò ò dùn mí mọ́, ó ń gbé mi jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo dé kọ́nà ilé wa, mo yà, Síẹ́nà náà sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Orin kúrò lẹ́nu mi.

Adékẹ́mi bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Mo ní ó dáa.

Ẹtì, 23 Ẹ̀bìbì

Òjò látàárọ̀. Gáàsì ti tún gbówó lérí. Adékẹ́mi ń di ẹrù ọmọ, ó ń tú u, ó ń tún un dì.

Àìkú, 25 Ẹ̀bìbì

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ, ìyẹn Ìyá Ṣèyílọ́lá, dá mi dúró lójú gbogbo èèyàn. "Bàbá Akínọ̀ṣọ́, mọ́tò tí Ọlọ́run pa lẹ́nu mọ́ ńkọ́?" Mo ní ó wà dáadáa, a dúpẹ́.

Ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní oṣù Bélú ló ń sọ. Nígbà yẹn, nǹkan kan ń ké kò-kò-kò lábẹ́ Síẹ́nà, tí mo bá ti wọ àdúgbò, àwọn ajá á ti máa gbó. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé e lọ fún Kàsímù, ariwo náà sì dákẹ́ wẹ́lo. Mo dúró níwájú ìjọ nínú sùtánà mi, mo ní Ọlọ́run tó pa kìnnìún lẹ́nu mọ́ fún Dáníẹ́lì ló pa mọ́tò tèmi náà lẹ́nu mọ́. Ìjọ hó. Títí dòní, tí ẹ̀rọ amúnáwá ìjọ bá ń pariwo, wọ́n á ní kí wọ́n pe Bàbá Akínọ̀ṣọ́.

Bí Ìyá Ṣèyílọ́lá ṣe ń sọ̀rọ̀, mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí Adékẹ́mi tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé pẹ̀lú àwọn obìnrin, tí Síẹ́nà mi dúró lásán níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 27 Ẹ̀bìbì

Màá kọ ti òní bó ṣe rí, kí n má baà tún un sọ fún ara mi lọ́nà mìíràn lọ́la.

Kàsímù gbé iwájú Síẹ́nà sórí jáàkì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àkísà ló ń fi nu ọwọ́, kò wo ojú mi.

"Bàbá, línkéèjì ò sí ńbẹ̀."

"Línkéèjì wo?"

Ó fi ọwọ́ hàn mí. Ọ̀pá irin kan wà tó nà láti ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́tò dé ẹsẹ̀ òsì. Tí mọ́tò bá fẹ́ tẹ̀ sí apá kan ní kọ́nà, ọ̀pá yìí ló ń fà á padà. Irin kéékèèké méjì ló so ó mọ́ ẹsẹ̀ táyà, àwọn ni wọ́n ń pè ní línkéèjì. Ọ̀pá tiwa wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò so mọ́ nǹkan kan. Kàsímù ní, "Ó kàn ń bá yín wọ mọ́tò kiri ni. Passenger ni."

Inú bí mi. Mo ní, "Ta ni olè tó yọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó ká àkísà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Ẹ má bínú. Mọ́tò tí mo ti yọ tiwọn pọ̀, mo ti gbàgbé pé tiyín wà ńbẹ̀. Oṣù Bélú yẹn tẹ́ ẹ ní ó ń pariwo, línkéèjì ló ti jẹ. Mo ní ká ra tuntun, ẹ ní kí n sá ti ṣe é kó dákẹ́. Mo ní tí mo bá yọ ọ́ á dákẹ́, but ó máa... ẹ ní kí n má explain, pé ẹ fẹ́ tètè dé sọ́ọ̀ṣì."

Mo rántí. Mo rántí ibi tí mo dúró sí, mo rántí aago tí mo ń wò. Ìsọ́ òru kan ni mo ń sáré lọ, níbi tí mo ti fẹ́ dúpẹ́.

Gbogbo wa la máa ń ṣe é ní Èkó yìí. Ohun tó bá ń ké lábẹ́ mọ́tò, ẹ yọ ọ́. Àṣé ohun tó ń ké yẹn ló ń di gbogbo rẹ̀ mú. Mo kọ́kọ́ gbé mọ́tò ga nítorí omi, mo tún wá yọ ohun tó ń dá a dúró nítorí ariwo, mo sì wá gbé ìyàwó mi jókòó sórí rẹ̀. Nígbà tí òòyì kọ́ ọ, mo ní etí rẹ̀ ni.

Kàsímù ń bẹ̀ mí. Mo ní kó má bẹ̀ mí mọ́, kó bá mi wá línkéèjì, tuntun, kì í ṣe tòkunbọ̀.

Ọjọ́rú, 28 Ẹ̀bìbì

Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù

Mi ò tíì sọ fún un. Adékẹ́mi se ọbẹ̀ ẹja, ó bu èyí tó lórí fún mi. Ó jọ pé ó mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ mí, ó rò pé àìsàn ni.

Ẹtì, 6 Òkúdù

Iléyá. Kàsímù ti lọ sí Ìjẹ̀bú láti ọjọ́ mélòó kan, línkéèjì náà ò tíì dé. Síbẹ̀, ó rántí wa, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Bàlíkísù, gbé ẹran wá láti Ìkátẹ́. Itan odidi. Adékẹ́mi ní, "Kí lẹ ṣe fún ọmọkùnrin yìí tó fi ń tọ́jú yín báyìí?" Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni mo sọ.

Ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Mo jókòó, mo ro inú: ẹ̀mí Tolúwani, ẹ̀mí ọmọ inú rẹ̀, obìnrin oníbọ̀lì, itan ẹran yìí. Mo dúpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Línkéèjì dé. Kàsímù tún bá mi rí ọ̀pá tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní èyí kò ní gbà kó tẹ̀ bọ̀rọ̀. Rọ́bà tuntun ló fi dì í mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ so línkéèjì, ó nà gbọnrangandan, mọ́tò ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

"Á wọlé," Kàsímù ló sọ bẹ́ẹ̀, "àmọ́ kò ní pẹ́ já. Bàbá, ẹ mú ọ̀kan. Ṣé kó ga ni àbí kó má fì?"

Mo wo ojú ọ̀run. Ó dúdú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Àdúgbò wa lónìí ò yàtọ̀ sí ti èṣí, wọn ò tíì gbẹ́ gọ́tà. Mo ronú nípa mọ́tò tí omi wọ̀, òórùn rẹ̀ fún oṣù méjì. Mo tún ronú nípa iyanrìn lẹ́yìn ìró Adékẹ́mi.

Mo ní kó yọ rọ́bà abẹ́ sípíríìngì kúrò. Ó yọ ọ́, ó fi sípíríìngì tó le díẹ̀ rọ́pò. Nígbà tó sọ Síẹ́nà kalẹ̀ lórí jáàkì, ó kúrú lójú mi. Wọ́n bá wa tún ìdúró táyà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

A fi ìgò omi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo yí po lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọgbà. Ìgò náà mì díẹ̀, ó dúró. Kàsímù gbé e, ó ṣí i, ó mu ún tán. Ó ní, "Alhamdulillah." Mo ní, "Hàlelúyà." A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́rú, 11 Òkúdù

Mo sáré wọlé láti sọ fún un pé mo ti tún mọ́tò ṣe, kò ní fì mọ́, kó jẹ́ ká jọ yí àdúgbò po. Ó ń ṣa ìrẹsì. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ tún ṣe lára ohun tí kò ní nǹkan kan?"

Tíṣà ni mí fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa ìrẹsì.

Àìkú, 15 Òkúdù

Mo ti ṣe é.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn ẹlẹ́rìí, mo bọ́ síwájú. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí kan wà tí mo jẹ́ ní oṣù Bélú. Mo fẹ́ tún un jẹ́." Ìyá Ṣèyílọ́lá ti ń múra láti hó. Mo ní, "Ọlọ́run ò pa mọ́tò mi lẹ́nu mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ eyín rẹ̀."

Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ línkéèjì, mo sọ ọ̀pá, mo sọ ohun tí Kàsímù fẹ́ sọ tí mi ò jẹ́ kó sọ. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ibi tó ku ló le. Mo yíjú sí apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

"Òòyì kọ́ ìyàwó mi nínú mọ́tò yẹn. Mo sọ fún un pé etí rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sọ ọ́. Etí rẹ̀ ń dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò ni. Òun ló sọ òótọ́, èmi ni mo purọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síyẹn. Wòlíì ní, "Bàbá Akínọ̀ṣọ́, a gbà á. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ." Ìyá Ṣèyílọ́lá ní, ṣé kí wọ́n wá dá ọrẹ ọpẹ́ oṣù Bélú padà fún mi ni? Ni ìjọ bá tún bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín.

Adékẹ́mi fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́tò. Nígbà tá a jẹun tán, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni Kàsímù sọ fún yín?" Mo ní ó bẹ̀rẹ̀, mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó mi orí. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi ń wa mọ́tò, orí ìyàwó rẹ̀ ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó kó abọ́ lọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ilé ìdáná.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Òjò tí mò ń bẹ̀rù dé. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tó fi di aago mẹ́wàá, títì àdúgbò wa ti di odò. Kàsímù ló kọ́kọ́ pè. "Bàbá, mọ́tò yín ti kúrú báyìí o, ẹ tètè gbé e jáde." Ó ti bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, Álífà Shamsudeen, tó wà ní mọ́ṣáláṣí tó wà lórí ilẹ̀ gíga lọ́hùn-ún. Álífà ti ṣí géètì dè mí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bẹ́ńṣì kúrò kí n lè ráyè.

Mo fi sálúbàtà sábẹ́ abíyá, mo wọ́ omi bọ̀ wálé, ó mù mí dé orúnkún. Adékẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ó ṣì ga, ilé ni ì bá wà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ẹsẹ̀ mi.

Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ ni fóònù dún. Ọkọ Tolúwani ni. Ó ti bí o. Obìnrin. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Adékẹ́mi wólẹ̀, mo wólẹ̀ tì í, a ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju ṣeun, ṣeun.

Mo lọ gbé Síẹ́nà ní mọ́ṣáláṣí. Álífà ní kí n bá òun kí ọmọ. Nígbà tí mo dé, Adékẹ́mi ti jáde, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo padà sí ìdí ìdarí, mo ń wo ọ̀nà iwájú mi bí ọmọdé tó ń retí ẹgba. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó jókòó, tó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó di ìdìmú òkè fèrèsé mú. Nígbà tá a sún mọ́ kọ́nà Sangotedo yẹn, mo rí i pé ó ti di ojú. Mo rọra yà. Síẹ́nà tẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó gbéra. Adékẹ́mi ṣí ojú kan, ó ṣí èkejì.

"A ti kọjá ẹ̀?"

"A ti kọjá ẹ̀."

Kò tíì fi ìdìmú sílẹ̀. Ní ọ̀nà Awoyaya ni fóònù rẹ̀ dún, àbúrò rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ìròyìn ọmọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì wá a nínú báàgì. Mo ń yà fún tírélà kan tó ń ti ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú omi bọ̀ nígbà náà, mo sì yà kíákíá ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kò dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, imú ọmọ náà, imú ìyá wọn ni.

Ní Lakowe, ìyá ọkọ Tolúwani jáde wá pàdé wa, ó dì mọ́ Adékẹ́mi. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìyàwó. Ẹ kú ìrìn o. Pẹ̀lú ara yín tí ò yá yìí, ẹ wá ń fò láti inú bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí èkejì."

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" Adékẹ́mi ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń wá ibi tí omi ìwẹ̀ ọmọ wà. "Ọkọ mi ló gbé mi wá."

Báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró síta pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè wọlé.